Asẹ́ Àgbà Tó Di Ọ̀dọ́

Àwo méjìlá ni wọ́n ní olè jí, àwo méjìlá ló sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Mahadzir bá nìyẹn ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú, nílé iṣẹ́ kan ní Bayan Lepas tí wọ́n ti ń ṣe asẹ́ ìró fún fóònù.

Asẹ́ ọ̀hún kò tó hóró ìrẹsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló ń wà lára àwo kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sẹ́ ariwo kúrò lára ìró tí fóònù fẹ́ gbọ́ tàbí tó fẹ́ rán jáde. Ṣùgbọ́n kò sí asẹ́ tí kì í mu nínú ohun tí a bá dà sí i. Nínú ìdá mẹ́wàá ìró, ìdá mẹ́ta ni tiwọn ń mu, òun ló sì ń jẹ́ kí bátìrì tètè kú. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti ń wá bí òfò náà yóò ṣe dín kù.

"Ó ti dín kù lánàá, Tuan!" Dókítà Ooi Kheng Aik, ọ̀gá yàrá ìwádìí, na bébà kan síwájú. Tuan ni wọ́n ń pe ọ̀gá níbẹ̀. "Èmi fúnra mi wọ̀n wọ́n ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìdá kan péré ló ṣòfò. Láàárọ̀ yìí, ó di mẹ́ta. Ẹnì kan ti kó ojúlówó lọ, ó fi ti àtijọ́ dípò, àwọn oníbàárà wa láti Seoul sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́."

Ó fi àgbọ̀n júwe obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Rokiah binti Lebai Din ni orúkọ rẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti fi ń wọn asẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tó ti dúró fún ọdún mọ́kànlá, orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún Mẹ́kà ni; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n gbéra. Ẹni tí ẹjọ́ olè bá wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní bá wọn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Rokiah, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni, Tuan. Mo ní kí n tún wọ̀n wọ́n kí àlejò tó dé. Mo rí mẹ́ta, mo sáré pe Dókítà. Kí n tó jókòó, mo ti di olè."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọjá sọ́dọ̀ Jeyanthi, ọmọbìnrin tó ya asẹ́ tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n Rokiah, olè?" Jeyanthi rẹ́rìn-ín. "Obìnrin tó ń dá ṣúgà tí kò lò padà sí káńtíìnì! Tuan, ẹ wá olè míì."

"Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára àwo ńkọ́?"

"Ti àwo tuntun náà ni, kò yí padà."

"Asẹ́ yín wá dára lánàá?"

"Ó dára ju bí mo ṣe ṣírò ẹ̀ lọ. Dókítà ra teh tarik, tíì oníwàrà, fún gbogbo wa, àmọ́ temi ò lọ lọ́fun. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Òwe yẹn kò kúrò létí Ìnsípẹ́kítọ̀. Ó padà sọ́dọ̀ Rokiah.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe gbẹ̀yìn lánàá kẹ́ ẹ tó lọ sílé?"

"Mo wọn Ìyá Àgbà ni." Asẹ́ ògbólógbòó kan ló ń pè bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló máa ń wọ̀n ọ́n, kó lè mọ̀ bóyá orí ẹ̀rọ pé. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò rẹ̀. Òfò Ìyá Àgbà kì í yí padà: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, láti ojú ewé dé ojú ewé. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, méjì ló kọ, ó sì fi àmì ìbéèrè sí i.

"Èyí ńkọ́?"

Rokiah tẹrí ba. "Ojú mi ni mo rò pé ó ti ń ṣe bàìbàì, Tuan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní mo ti darúgbó jù fún iṣẹ́. Nígbà tí mo tún ẹ̀rọ tò láàárọ̀ yìí, ó ti padà di mẹ́rin."

Ìnsípẹ́kítọ̀ pa ìwé náà dé. Ó ní kí gbogbo wọn péjọ sídìí ẹ̀rọ.

"Dókítà, ẹ ní olè pààrọ̀ àwo tuntun. Ta ló wá pààrọ̀ Ìyá Àgbà?"

"Kí lẹ̀ ń sọ?"

"Ìrọ̀lẹ́ kan náà lòfò tiẹ̀ náà dín kù. Bí arúgbó àti ìkókó bá jọ rẹwà lójijì nínú dígí kan, dígí là á yẹ̀ wò. Ní Kuala Muda tí wọ́n bí mi sí, ẹlẹ́ja á kọ́kọ́ wọn apẹ̀rẹ̀ lófìfo, á yọ ìwúwo rẹ̀ kúrò, kó tó da ẹja sí i. Ẹ̀rọ yín náà, tí wọ́n bá ń tò ó, òfò inú wáyà ló ń kọ́kọ́ wọ̀n, á yọ ọ́ kúrò. Bí mo bá wọn apẹ̀rẹ̀ tó wúwo, tí mo wá fi èyí tó fúyẹ́ gbé ẹja, ṣé ẹja ò ní fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n? Jeyanthi, wáyà wo ló bàjẹ́ níbí?"

"Aláwọ̀ búlúù. Ọrùn ẹ̀ ti kán láti oṣù tó kọjá. Èmi ni mo sọ ọ́ nù."

Ìnsípẹ́kítọ̀ rántí pé Dókítà fúnra rẹ̀ ló wọn àwo lánàá; ó fa àpótí tábìlì rẹ̀ jáde. Wáyà búlúù náà ká jọ sísàlẹ̀ rẹ̀ bí ejò. Wọ́n fi tún ẹ̀rọ tò, wọ́n sì fi wáyà tó pé rọ́pò rẹ̀ láti wọn àwo. Àwo tuntun di ìdá kan. Ìyá Àgbà di méjì.



"Kò sí ojúlówó kankan tí olè lè gbé," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ mọ̀ pé bí ará Seoul bá wọ̀n ọ́n, àṣírí á tú. Àfi kí olè tètè dé ṣáájú wọn. Ikú ilé ló ń pani lóòótọ́, Dókítà."

Ooi bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Mo ti ṣèlérí fún wọn. Bí mo bá rí oṣù mẹ́ta sí i, òfò náà á dín kù ní tòótọ́."

"Orúkọ obìnrin yìí lẹ fẹ́ fi ra oṣù mẹ́ta náà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí tèṣán."

Bí wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, Rokiah pè é.

"Tuan, ojú mi ò ṣe nǹkan kan?"

"Ojú yín mú ju ẹ̀rọ lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ di ẹrù yín."

Rokiah kò tíì lọ. Ó tún ẹ̀rọ tò pẹ̀lú wáyà tó pé, ó wọn Ìyá Àgbà, ó sì kọ mẹ́rin sínú ìwé.