Ẹ Yọ Púlọ́ọ̀gì Kí Ẹ Tó Wá Ẹja

A ti sọ ọ́ títí ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: omi àti iná mànàmáná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí a bá sọ ọ́, àwọn èèyàn á mi orí, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, a ti gbọ́." Wọ́n á délé tán, wọ́n á ṣe bó ṣe wù wọ́n. Nítorí náà, a ò ní pariwo lónìí. Ìtàn la fẹ́ sọ, ìtàn ẹja kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ aránṣọ kan di olóògbé nínú pálọ̀ ara rẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ojúmọ́ ti mọ́ kedere.

Aránṣọ yìí jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ni. Aṣọ iléèwé méjìlá ni àwọn ìyá ọmọ ń bọ̀ wá gbà kó tó di Mọ́ńdè. Ó ti rán mẹ́jọ, ó ku mẹ́rin. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì bọ́ bàtà sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, torí ẹsẹ̀ lásán ló fi ń mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń sáré tó. Ọkọ rẹ̀ wà ní òdìkejì yàrá, ó tẹ imú mọ́ gíláàsì àpótí ẹja rẹ̀.

Baba Lẹ́tà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ yìí, torí ọgbọ̀n ọdún ló fi gbé lẹ́tà kiri ojúlé. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tí kò rí lẹ́tà gbé mọ́, ẹja ló gbájú mọ́. Ó ra àpótí gíláàsì tó gùn tó tábìlì, ó bu omi kún un, ó gbin koríko àti ewéko oríṣiríṣi sísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá kó ẹja wẹ́wẹ́ méje sínú rẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ. Èyí tó fẹ́ràn jù ni èyí tí ìrù rẹ̀ pupa.

"Mẹ́fà," ni Baba Lẹ́tà wí.

Aránṣọ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ.

"Ìyá wọn, mo ní mẹ́fà ni mo rí."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ sọ ọ́ lánàá. Ẹ sọ ọ́ níjẹta náà."

"Ìrù-Pupa ni ò sí."

"Ó wà lábẹ́ ewé. Igbó lẹ gbìn síbẹ̀ yẹn, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa jáde wá kí yín láràárọ̀ ni?"

"Ẹja wo ló ń sá pamọ́ fọ́jọ́ mẹ́ta? Ó lè ti kú. Bó bá sì kú síbẹ̀ tó ń jẹrà, omi á bàjẹ́, gbogbo àwọn tó kù ló máa bá a lọ."

Kò parọ́ níbẹ̀ yẹn. Òkú ẹja kan ṣoṣo lè ba omi àpótí jẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ etí aránṣọ ti kún fún ọ̀rọ̀ ẹja láti ọjọ́ Tọ́sìdeè.

"Ẹ yáa wá a, kí n lè ráyè ránṣọ," ló wí.

Ó yẹ kó ti mọ̀ pé ẹnu ara òun lòun fi ń pe wàhálà wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, Baba Lẹ́tà ti gbé korobá méjì àti rọ́bà gígùn kan dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú àpótí. Omi ń wọ korobá, omi ń wọ ilẹ̀, omi ń ṣàn lọ sábẹ́ àga. Nígbà tí omi náà ku ìdajì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ dé èjìká, ó ki ọwọ́ bọ inú ewéko, ó wá ń fà wọ́n tu. Ewéko tó ti ń gé, tó ń tọ́jú fún oṣù mẹ́jọ, ló ń jù sórí ìwé ìròyìn bí ẹni ń ro oko.

"Bàbá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o," ni aránṣọ wí. "Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ máa tú ni? Ẹ ò tilẹ̀ ní yọ wáyà yẹn kẹ́ ẹ tó máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Wáyà tó ń wí ni ti hítà. Ọ̀pá gíláàsì kan báyìí ni hítà, igun àpótí ló máa ń wà nínú omi, òun ló ń mú kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ẹja. Ọjọ́ tí Baba Lẹ́tà rà á, ẹni tó tà á fún un sọ pé kò gbọdọ̀ kú tọ̀sán tòru. Baba Lẹ́tà gba ọ̀rọ̀ yìí bí òfin. Ó kọ "Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN" gàdàgbà sára pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ púlọ́ọ̀gì. Ọmọ wọn obìnrin yọ púlọ́ọ̀gì náà lẹ́ẹ̀kan péré láti fi iná sí fóònù rẹ̀, odindi ọjọ́ méjì ni kò sí ẹni tó sinmi nínú ilé.

"Kí òtútù wá pa wọ́n?" ni Baba Lẹ́tà wí. "Ẹni tó tà á ní kò gbọdọ̀ kú. Àbí o mọ̀ ọ́n ju ẹni tó tà á lọ?"

Aránṣọ pòṣé. Ó kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ibẹ̀ gan-an lọ̀ràn ti bẹ́. Omi ti lọ sílẹ̀, ìdajì hítà ti yọ síta, iná ṣì wà lára rẹ̀, kò sì sí omi tó máa gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gíláàsì gbóná kọjá ààlà. Baba Lẹ́tà wá rí i pé àwọn ẹja mẹ́fà tó kù ti ń ya ẹnu, ojú àánú ṣe é, ó gbé korobá omi tútù, ó dà á padà. Ọ̀pá hítà dún "kẹ́." Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i, torí àkókò yẹn gan-an ni aṣọ iléèwé kan já bọ́ lórí àga sínú omi ilẹ̀.

"Aṣọ oníbàárà rèé!" ni aránṣọ wí. "Aṣọ tí mo ti lọ̀ tán."

"Pẹ̀lẹ́. Màá bá ẹ sá a," ni Baba Lẹ́tà wí, ó sì tún ki ọwọ́ bọ omi. Ó yára fà á jáde. Ó wo ìka rẹ̀. "Nǹkan ń ta mí."

"Kí ló ń ta yín?"

"Bí ìgbà tí èèrà ń ta èèyàn ló ṣe ń ṣe mí lọ́wọ́. Ó jọ pé ewé yìí ní ẹ̀gún."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó fẹ́ tún tì í bọ̀ ọ́. Sùúrù aránṣọ tán pátápátá. Ó fi aṣọ tútù náà sílẹ̀, ó dìde lẹ́sẹ̀ lásán, ó la omi ilẹ̀ kọjá, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ẹja ọ̀hún kí n lè rójú. Ẹni tó gbé lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún, kò lè rí ẹja nínú àpótí." Ó ká apá bùbá rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Ohùn kan ló ti ẹnu ọ̀nà wá, kò ga rárá. Àbúrò aránṣọ ni, obìnrin tó ń fa wáyà sínú ilé fún àwọn èèyàn, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Oníwáyà. Ṣòkòtò iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a tún àpò rẹ̀ ṣe ló wá gbà, ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ èèrà yẹn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tíì fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí láyé. Ọwọ́ aránṣọ dúró sókè, kò jìnnà sí omi ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

"Ẹ má kan omi yẹn. Ẹ má kan àpótí náà. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fà sẹ́yìn wá sórí ibi tó gbẹ."

"Oníwáyà, o ò tiẹ̀ kí wa," ni Baba Lẹ́tà wí.

"Màá kí yín tó bá yá, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fà sẹ́yìn."

Wọ́n fà sẹ́yìn. Kò lọ síbi púlọ́ọ̀gì rárá, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbà lọ síbi àpótí iná ilé, ó pa bírékà tó gbé iná wọ gbogbo ilé. Fáànù dúró. Gílóòbù ara ẹ̀rọ ìránṣọ kú.

"Àwọn ẹja mi!" ni Baba Lẹ́tà wí.

Oníwáyà mú àkísà. Ó nu ilẹ̀ àti ògiri gbẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ púlọ́ọ̀gì tòun ti pépà ara rẹ̀. Ó fa hítà jáde, ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó ní kí wọ́n wá wò ó. Ó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, tín-ín-rín bí irun, omi sì ti wọnú rẹ̀.

"Èèrà kọ́ ló ta yín, Bọ̀ọ̀dá. Iná ni. Ó ti wà nínú omi yẹn. Sílípáàsì rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ yín ló jọ pé ó gbà yín díẹ̀, ẹ má sì gbójú lé e lọ́jọ́ mìíràn, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń gbani. Ẹ̀gbọ́n mi ò wọ nǹkan kan. Inú omi ló dúró sí. Bó bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, iná á gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé, á gba ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, àyà rẹ̀ ló sì máa gbà kọjá."

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kú ni," ni Baba Lẹ́tà wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹja lè fara da wákàtí kan láìsí hítà. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè fara da iná yẹn fún ìṣẹ́jú kan."

Aránṣọ jókòó. Ẹ̀rù tí kò bà á nígbà tó na ọwọ́ ló ń bà á báyìí. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Ó bínú sí ọkọ rẹ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀, torí ó mọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí wáyà yẹn jáde, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pòṣé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, bí àgbà bá gbà á. Bí kò bá gbà á ńkọ́?

"Mi ò mọ ẹja," ni Oníwáyà wí, "iná ni mo mọ̀. Àmọ́ ìgbà wo lẹ ṣí ìdérí àpótí yìí kẹ́yìn?"

"Wẹsidé, nígbà tí mo gé ewé."

"Ẹ pa á dé padà?"

"Kò jọ pé mo pa á dé tán," ni Baba Lẹ́tà wí. Oníwáyà di kọ́bọ́ọ̀dù tí àpótí náà wà lórí rẹ̀ mú, kò fà á, ó kàn tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Ó fi rúlà aránṣọ wọ́ nǹkan kan jáde. Ìrù-Pupa ni. Ó ti gbẹ gan-an, eruku ti bò ó.

"Ọjọ́ mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀," ni aránṣọ wí. "Ẹja tó fò jáde tó ti kú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ń wá nínú omi. Ẹ tú omi, ẹ tú ewéko, ẹ ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ó wá ku ẹ̀mí mi."

"Má bínú, Ìyá wọn. Èmi ni mo jẹ̀bi." Baba Lẹ́tà ò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. "Màá ra òmíràn."

"Ẹja lẹ lè ra òmíràn. Ta ló ń ta ìyá àwọn ọmọ yín, kẹ́ ẹ lọ bá a ná an?"

Baba Lẹ́tà mú aṣọ iléèwé tó tutù náà, ó lọ sá a.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹja nínú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnu wa bó lásán. Kí ọwọ́ tó wọ omi, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo ohun tó ń lo iná lára àpótí náà: hítà, iná òkè rẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ẹ má kàn tẹ súwíìṣì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ dín omi kù, ẹ jẹ́ kí hítà tutù fún bí ìdá mẹ́rin wákàtí ná. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè wọ̀ ọ́, kí omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀.

Bí omi bá ń ta yín lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀gún, kì í ṣe èèrà. Ẹ jìnnà sí i. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ má sún mọ́ púlọ́ọ̀gì, ibi bírékà ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Bí iná bá sì ti mú ẹnì kan, ẹ má dì í mú, kó má di èèyàn méjì. Ẹ pa iná ná, kẹ́ ẹ tó pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ pé kó bá yín fi ẹ̀rọ tó máa ń gé iná fúnra rẹ̀ síbẹ̀, èyí tó ń já iná bó bá ti fẹ́ gba ara èèyàn.

Ti ẹja tó sọnù ńkọ́? Ẹ wo ilẹ̀ àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wo inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ẹ dúró di àkókò oúnjẹ, kẹ́ ẹ kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín ewé láti ìta gíláàsì. Bẹ́ ò bá rí i síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi kí àwọn tó kù má bàa ṣàìsàn, ẹ fi ewéko sílẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ sì máa pa ìdérí dé.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní kẹ́ ẹ má yọ púlọ́ọ̀gì torí òtútù á mú ẹja, ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí òtútù mú un.