Ẹja Tó Kọjú sí Ilé Adéjọbí

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo mọ ilé náà, mo mọ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Lẹ́yìn Itagunmodi, kòtò kan wà tí àwọn tó ń wa góòlù pa tì. Omi kún un, ẹja sì dé inú rẹ̀. Etí omi yìí ni Fáṣínà, àgbẹ̀ kòkó, ti ń fi ekòló àti kóòkì tó ń léfòó dẹ ìwọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Àfi ìgbà tí Adéjọbí, ẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ọ̀pá tuntun dé, pẹ̀lú ẹja rọ́bà aláwọ̀ ewé tó ń fi bo ìwọ̀ olórí òjé. Á jù ú, á máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹja tó ń ṣàìsàn. Kóòkì Fáṣínà á dúró lójú omi láìmira. Ti Adéjọbí ni epìyà ń gbé.

Èyí kọ́ ló dun Fáṣínà jù. Phebe, ìyàwó rẹ̀, ló ń yan ẹja Adéjọbí tà ní Òṣú. Adéjọbí yìí kan náà ló sì kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ Phebe, kí Fáṣínà tó gbà á.

"Ọwọ́ ọkùnrin yìí mà dáa o, Bàbá Tiwa," Phebe sọ fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Fáṣínà ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn.

Àwọn tó ń dẹ ìwọ̀ níbẹ̀ ní àdéhùn: bí o bá yá ìwọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tó ni ìwọ̀ ló ni ẹja àkọ́kọ́ tí o bá fi pa. Fáṣínà kò yá a. Ó jí ẹja rọ́bà kan pẹ̀lú ìwọ̀ rẹ̀ nínú agolo Adéjọbí nígbà tí ìyẹn lọ tọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tètè dé etí omi. Ìwọ̀ kò tíì rì tán tí ẹja fi gbé e. Òmíràn. Òmíràn. Kí oòrùn tó mú, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti kún.

Ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí pé ẹyẹ kankan kò ké mọ́. Ó wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹja náà kọ orí sí ọ̀nà abúlé. Ó yí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rọra yí padà.

Adéjọbí yọ lójú ọ̀nà náà.

"O mà pa púpọ̀ lónìí. Kí lo fi pa wọ́n?"

"Ekòló."

"Ekòló yìí kàwé o. Èwo lo kọ́kọ́ pa nínú wọn?"

Fáṣínà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò ní fún un. "Kí ló kàn ọ́?"

Adéjọbí kọjá lọ jókòó. Bó ti ń rìn, orí àwọn ẹja inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ń yí tẹ̀ lé e.

Nílé, Phebe yìn ín. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọkọ òun lè pa tó báyìí. Ọ̀rọ̀ tí Fáṣínà ti ń dúró dè nìyẹn. Phebe la ikùn ẹja, ó tò wọ́n sórí ààrò. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó pè é.

"Ẹ wò ó. Ta ló yí wọn?"

Gbogbo wọn kọ orí sí ògiri. Lẹ́yìn ògiri yẹn, ilé Adéjọbí ni.

Fáṣínà ki ọwọ́ bọ inú èéfín, ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná pàápàá kò dún. Nígbà tó fi yí ìkẹyìn tán, àkọ́kọ́ ti padà. Ó rò ó pé kó kó gbogbo wọn, kó gbé wọn lọ bá Adéjọbí, kó jẹ́wọ́. Ó dìde. Ó tún jókòó.

"Phebe, gbé omi wá."

Omi kò dé. Fáṣínà gbójú sókè. Phebe ti kẹ́yìn sí i, ó dúró ṣánṣán, ó kọjú sí ògiri. Fáṣínà di èjìká rẹ̀ mú, ó yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bó ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ó rọra yí padà.