Ojú Oyíndà, Etí Waliyat

"O ti fo nǹkan."

Waliyat kò gbé orí sókè bó ṣe sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń pa ẹ̀pà lọ ní tirẹ̀: èèpo sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ ẹ̀pà sínú abọ́ tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Oyíndà, tó jókòó tì í lórí ẹní, sáré fi ìwé Bàọ́lọ́jì bo fóònù tó wà lórí itan rẹ̀, àfi bí ẹni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i.

"Mi ò fo nǹkan kan."

"Ohùn rẹ ń sáré. Ẹni tó ń kàwé kì í sáré báyẹn. Ẹni tó fẹ́ parí ló ń sáré."

"Kai, Waliyat! Ìwọ náà ti di tíṣà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n wà, níwájú ilé àwọn Waliyat ní Orozo, lẹ́bàá Àbújá. Ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò wọn ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, àwọn ọlọ́kadà sì ń fi eruku bo àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe ń sáré lọ sí Karshi.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí ojú Waliyat ti fọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi kùrukùru, ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn dókítà ṣe tiwọn, kò gbọ́. Gbogbo ènìyàn rò pé ọmọ náà á jókòó sílé. Òun ló ní kí ìyá òun mú òun padà sílé ìwé. Kò sí ìwé tí afọ́jú ń fi ọwọ́ kà nílé ìwé náà, kò sì sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n. Etí nìkan ni Waliyat ní, etí yẹn náà ló sì fi dé kíláàsì àṣejáde. Mi ò mọ orúkọ ńlá tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Akin ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, ti pe Waliyat àti ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á pé kí ọmọ náà má lọ forí gbá ògiri níwájú. Ó ní, "Bí Waliyat bá yege nínú ìdánwò àṣewò tó ń bọ̀ yìí, a ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, ẹnì kan á sì máa ka ìbéèrè fún un. Àmọ́ bó bá já nínú iṣẹ́ kan péré, kó lọ sí ilé ìwé àwọn afọ́jú. Ibẹ̀ jìnnà, wọ́n á sì dá a padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀." Ohun tó wà lọ́rùn Waliyat nìyẹn: kó jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí kó lọ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn àbúrò.

Oyíndà ni wọ́n ní kó máa kàwé fún un. Wọ́n yàn án nítorí ohùn rẹ̀ já gaara. Òun ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ ìsinmi àwọn ọ̀dọ́. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n wò, ẹnikẹ́ni kò béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Ọkàn Oyíndà dà bí ewúrẹ́ tí wọn kò so mọ́lẹ̀. Gbogbo agbolé ló máa yà kó tó délé.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, Kúnbi, ọmọ kíláàsì wọn, ló ń pe ewúrẹ́ náà. Ó fi àwòrán bàtà méjì ránṣẹ́ sórí fóònù, ó ní èwo ni kí òun wọ̀ sí ayẹyẹ ìdágbére wọn. Gbogbo kíláàsì ti dá sí i. Fóònù ń gbọ̀n lórí itan Oyíndà bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ń fi ojú kan ka bí oúnjẹ ṣe ń rìn nínú ara ènìyàn, ó ń fi ojú kejì wo bàtà. Ó ṣí ìwé, ewé méjì lẹ̀ mọ́ra, kò mọ̀. Ó ń kà á lọ.

Waliyat dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀pà.

"Dúró ná. Oúnjẹ kúrò nínú ikùn, ó bọ́ sínú ìfun ńlá tààrà? Níbo wá ni ara ti gba èròjà tó wà nínú rẹ̀?"

Kì bá gba Oyíndà ní àkókò kankan láti ṣí ìwé padà. Ṣùgbọ́n ó ti kọ "Èyí pupa yẹn" dé ìdajì fún Kúnbi.

"Inú ikùn náà ni," ó ní. "Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ṣé èmi ni mo kọ ìwé ni?"

Waliyat mi orí. "Ó dáa. Ojú rẹ ni mo fi ń rí i." Ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

* * *

Wọ́n ṣe ìdánwò àṣewò náà; tíṣà kan ń ka ìbéèrè fún Waliyat, ó sì ń kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Èsì dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Waliyat, o ṣiṣẹ́," ó ní. "O yege nínú gbogbo iṣẹ́ àfi Bàọ́lọ́jì. Ìbéèrè kan ló fà ọ́ lulẹ̀, máàkì tó pọ̀ ló sì wà lórí rẹ̀." Ó gbé bébà náà, ó kà á síta: "'Oúnjẹ kúrò nínú ikùn, ó bọ́ sínú ìfun ńlá. Inú ikùn ni ara ti gba gbogbo èròjà rẹ̀ tán.' Ìfun kékeré ńkọ́? Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà lo fò yìí, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ Oyíndà ni ọkùnrin náà ń kà padà sí i létí. Oyíndà wo Waliyat, ó ń retí kó sọ pé Oyíndà ló kà á fún òun bẹ́ẹ̀. Waliyat kò sọ ọ́. Ó kàn tẹrí ba.

"Bó ṣe yé mi nìyẹn, sà."

"Mo ti sọ ọ́ ṣáájú pé bó bá jẹ́ ẹyọ kan..." Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí fi bébà náà lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn lẹ́nu òun pàápàá.

Bí Oyíndà bá pa ẹnu mọ́, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Yóò lọ sí ayẹyẹ ìdágbére, Waliyat yóò di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè pa á mọ́ra.

"Sà, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo fò ó. Mo ń wo fóònù nígbà tí mo ń kàwé fún un. Ó tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ní níbo ni ara ti ń gba èròjà, mo sì purọ́ fún un."

Waliyat yí ojú sí ibi tí ohùn Oyíndà ti wá.

"Bó o bá purọ́ fún ẹni tó ń ríran, á lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó," ó ní. "Èmi ńkọ́, Oyíndà?"

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Oyíndà bú sẹ́kún.

Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí yọ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún fún ìgbà pípẹ́. "Ẹ gbọ́," ó ní. "Mo máa fún Waliyat ní àǹfààní kan sí i. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, níwájú èmi àti tíṣà Bàọ́lọ́jì, ẹnì kan á ka ìbéèrè tuntun, òun á sì dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí òmíràn. Waliyat, mo lè yan ẹlòmíràn tí yóò máa kàwé fún ọ."

Waliyat gbórí sókè. "Oyíndà náà ni mo fẹ́, sà."

"Lẹ́yìn ohun tó ṣe?"

"Òun ti mọ ohun tí àìfọkànsí ń fà, sà. Ẹlòmíràn kò tíì mọ̀ ọ́n."

* * *

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Oyíndà kó ìwé lọ sí ilé àwọn Waliyat. Ìyá Waliyat ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin Kàbà ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó na ọwọ́.

"Mú fóònù wá."

"Mo ti pa á, Mọ́mì."

"Mi ò béèrè bóyá o ti pa á. Mú un wá."

Ó ju fóònù sínú ike ìrẹsì, ó dé e, ó sì jókòó lé e lórí. "Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ó yá, ẹ kàwé yín."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò rọrùn rárá. Ọwọ́ Oyíndà ń lọ sórí itan rẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tí fóònù máa ń wà. Ó ka ìpínrọ̀ kan, ọkàn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ Kúnbi. Ó tún un kà, ọkàn rẹ̀ dé ọ̀nà Karshi. Nígbà tó yá, ó fi ìwé lélẹ̀.

"Mi ò lè ṣe é. Orí tèmi kò rí bíi tìẹ. Ìwọ, bó o bá ti jókòó, ọkàn rẹ ti dúró."

Waliyat rẹ́rìn-ín títí tó fi da ẹ̀pà nù.

"Ta ló sọ fún ẹ? Ní báyìí tó o ń kàwé yẹn, mo ti lọ sí Kàbà, mo ti jẹun lọ́dọ̀ ìyá àgbà, mo ti padà. Ọkàn tèmi náà ń lọ. Mo kàn máa ń lọ mú un wálé ni."

"Báwo lo ṣe ń mú un wálé?"

"Bí mo bá ti rí i pé ó ti lọ, mi ò bú ara mi. Màá sọ pé, 'Padà síbi tó o ti gbọ́ gbẹ̀yìn.' Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kó o tún un kà. O rò pé mò ń yọ ẹ́ lẹ́nu ni?"

Ìyá rẹ̀ dá sí i láti orí ike ìrẹsì. "Ewúrẹ́ tó bá jẹ̀ lọ, a kì í torí ẹ̀ pa á. Wọ́n ń lọ mú un wálé ni. Ọjọ́ tó bá yá, á mọ ọ̀nà ilé."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Oyíndà á ka díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà nínú ìwé, á dákẹ́. Waliyat á wá sọ ọ́ padà ní Yorùbá. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé lè sọ Gẹ̀ẹ́sì ìwé bí ayékòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí kò yé e ní èdè ilé. "Ìfun kékeré gùn ju ìfun ńlá lọ o; títínrín tó tínrín ni wọ́n fi pè é ní kékeré. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń di ti ara." Nígbà tó ṣe, ó ní kí Oyíndà náà máa sọ ọ́ padà. Yorùbá Oyíndà kò dá múṣémúṣé, nítorí Àbújá ni wọ́n bí i sí. Bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé, kò ráyè ronú bàtà ẹnikẹ́ni.

"Inú ìfun kékeré ní... ní irun?"

"Irun! Ọmọ Àbújá, irun ti hù nínú ìfun! Ó *dà bí* irun ni."

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ẹ̀rọ ìlọta lè ké bó bá ṣe fẹ́, ojú Oyíndà á wà lójú ìlà tó wà. Bó bá sì ti yẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ pé, "Mo ti lọ. Jẹ́ kí n padà."

* * *

Lọ́jọ́ ìdánwò náà, Waliyat jókòó ní àárín ọ́fíìsì, ó kó ọwọ́ lé itan. Oyíndà dúró tì í pẹ̀lú ìbéèrè lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ń pariwo ní pápá, ẹnì kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé sì ń kùn lẹ́yìn ògiri.

Oyíndà kà á. Kò sáré. Níbi tí àmì ìdánudúró bá wà, ó dúró. Waliyat gbọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tán, ó sinmi díẹ̀, ó sì dáhùn. Nígbà tó dé orí oúnjẹ, ó mú òkèlè náà láti ẹnu, ó gbà á kọjá ọ̀fun, ó mú un wọ ikùn, ó mú un wọ ìfun kékeré, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ́ bí ẹni tó ń fi ilé han àlejò, kó tó mú un jáde sí ìfun ńlá. Tíṣà Bàọ́lọ́jì gbàgbé láti kọ máàkì, ó kàn ń gbọ́ ọ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ mú orúkọ ọmọ yìí wá, kí n fi sára àwọn tó ń ṣe àṣejáde," ó ní. "Waliyat, èmi ni mo fojú kékeré wò ọ́."

Nígbà tí wọ́n jáde, Waliyat di apá Oyíndà mú, wọ́n ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni Kúnbi ń ṣe lójú fèrèsé?" Waliyat béèrè.

"Kúnbi? Fèrèsé wo?"

"Fèrèsé ọ́fíìsì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè ẹ́, ó tiẹ̀ kan gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ lọ́kàn mi pé, 'Ó parí, Oyíndà máa gbójú sókè.' Mo dẹ etí sí ohùn rẹ. Kò yẹ̀."

Oyíndà dúró sójú kan. Ó bojú wẹ̀yìn wo fèrèsé náà. Lóòótọ́, fèrèsé náà wà níbẹ̀, gbayawu, níwájú ibi tó dúró sí.

"Mi ò rí i," ó ní. "Waliyat, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ rárá."

"Èmi tí mo fọ́jú ni mo rí Kúnbi, ìwọ tó ń ríran kò rí i." Waliyat fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Yauwa! Ewúrẹ́ ti mọ ọ̀nà ilé."

Àwọn kan nílé ìwé náà ń sọ pé orí pípé ni wọ́n dá mọ́ Waliyat. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń rìn bíi tiyín, ó kàn ní sùúrù láti máa lọ mú un wálé, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi jókòó. Oyíndà náà kọ́ ọ, ẹni tó bá fẹ́ lè kọ́ ọ. Gbé ohun tó ń pè ọ́ jìnnà sí ọ. Ṣe ẹyọ ohun kan. Bó o bá yẹ̀, padà síbi tó o ti gbọ́ gbẹ̀yìn. Má sì purọ́ pé o wà níbi tí o kò sí, nítorí ẹnì kan lè máa fi ojú rẹ ríran.