Ẹni Tó Ń Pe Àṣàkẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà ló ń sọ̀rọ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí Tiwalọlá kọ́kọ́ bá Láyí ẹ̀gbọ́n mi sọ láyé nìyẹn, orí tẹlifóònù sì ni. Ọdún 1988 ni, nílé wa ní Surulere. Èmi Adékẹ́mi jókòó síbẹ̀ tí mò ń ya irun mi, ẹnikẹ́ni ò rò ó fún mi.

"Ẹ ṣì í pè" ló yẹ kí Láyí sọ, kó gbé e kalẹ̀. Ẹni tórí ẹ̀ pé á ṣe bẹ́ẹ̀. Láyí ní, "Èmi kì í ṣe dókítà o, àmọ́ kí ló ń ṣe yín?"

"Egungun ló ń dùn mí. Dókítà mi ní Ìdí-Àràbà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ pè é, kí ẹ wá pe ibí padà, kí n lè mọ̀ pé ó gbọ́." Ó sì ka nọ́ńbà wa fún un.

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Ẹni tí ẹ ṣì pè."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ibi tí mo jókòó sí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti kó sí i.

Ó pe padà lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀. Màmá wa fi àgádágodo há ojú tẹlifóònù, kí Láyí má baà máa pe obìnrin kiri. Ó gbàgbé pé àgádágodo kì í dí ẹni tó ń pè wọlé lọ́wọ́. Tiwalọlá ló wá ń pè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fojú ríra wọn ní Yaba, Láyí dé ilé, kò lè jẹun. "Kẹ́mi, ó rẹwà ju ohùn ẹ̀ lọ."

"Ó ti bá ẹ nìyẹn," mo ní. "Jẹ ẹ̀bà ẹ."

Tiwalọlá ò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, bí ìrora bá ti dé, ìyá náà á gbé omi kaná, á ki aṣọ bọ omi gbígbóná náà, á máa fi jó o lẹ́sẹ̀, á sì máa pe oríkì rẹ̀: "Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ mi." Láti ìgbà tí obìnrin náà ti kú, ẹnikẹ́ni ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ pàápàá kì í pè é, torí ẹkún ló máa ń fà.

"Olólùfẹ́ mi," Láyí wí fún un, "èmi náà á máa gbé omi kaná."

Nígbà tó mú un wálé, Màmá ṣe é lálejò dáadáa. Ó bu oúnjẹ fún un, ó bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí ọmọ náà ti jáde báyìí, ojú rẹ̀ fà ro.

"Láyí, àìsàn yẹn ló pa Débọ̀, ẹ̀gbọ́n yín. Ọwọ́ mi yìí ló kú sí. Mo ti sin ọ̀kan, n ò sin èkejì."

"Màmá, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò sí nínú tèmi. Àwọn ọmọ wa ò ní ní in."

"Ṣé ọmọ ni mo sọ? Òun gan-an ńkọ́? Tí mo bá fẹ́ràn ẹ̀ tán, tó wá lọ ńkọ́?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Má mú ọmọ yẹn wá síbí mọ́."

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò dárúkọ Tiwalọlá. "Ọmọ yẹn" ló ń pè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí òjò ọdún náà fi dé. Àgbàrá ya wọ ibi tí gbogbo wáyà tẹlifóònù ti pàdé, tẹlifóònù sì kú láti Costain títí dé Yaba. Kí a tó mí, iná mànàmáná náà lọ, kò dé mọ́. Fíríìjì di kọ́bọ́ọ̀dù. Omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ ò lè mọ bí ariwo Èkó ti ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀ tó, àfi ọjọ́ tó bá dákẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àdúgbò á pa lọ́lọ́, wàá máa gbọ́ èémí ara ẹ. Àwọn ìyá ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn: bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ ẹ nínú òkùnkùn, tí o ò rí i, má dáhùn o.

Tiwalọlá ò lè pe dókítà, Láyí ò lè pe Tiwalọlá. Nítorí náà, kí Láyí tó lọ síbi iṣẹ́, á kọ́kọ́ lọ sí Yaba lọ wò ó bóyá ó jí ire. Òjò ń pa á lọ, òjò ń pa á bọ̀. Òtútù òjò yẹn gan-an sì ni ọ̀tá Tiwalọlá.

"Ọkọ mi, bàtà ẹ ti jẹrà," Tiwalọlá á wí.

"Ìwọ ṣáà máa jí. Bàtà á wá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó ní pálọ̀, àtùpà kan ṣoṣo ló ń jó. Tẹlifóònù dún.

Kò sẹ́ni tó mira. Tẹlifóònù tó ti kú! Ó dún, ó tún dún. Láyí nawọ́ sí i, Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"A kì í dá ẹni tí a ò rí lóhùn!"

Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Nígbà tí ara Màmá ò gbà á mọ́, òun fúnra rẹ̀ gbé e. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó rọra gbé e kalẹ̀.

"Obìnrin kan ni. Ó ní ṣé Àṣàkẹ́ wà níbí. Ó ní ká sọ fún un pé omi ti gbóná, kó máa bọ̀ wálé." Ó wò wá. "Ta ní ń jẹ́ Àṣàkẹ́?"

Láyí ní, "Oríkì Tiwalọlá ni. Ìyá ẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Ìyá ẹ̀ tó ti...?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Láyí gbé tẹlifóònù, ó fi sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé àtùpà jáde lọ wo wáyà wa. Ó ti já lára òpó, orí rẹ̀ wà nínú gọ́tà. Mo figbe ta.

Mo rò pé Màmá á tilẹ̀kùn mọ́ wa ni. Kọ́kọ́rọ́ ìjàpá rẹ̀, Volkswagen àtijọ́ yẹn, ló mú.

"Ẹ bọ́ sínú mọ́tò," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọmọ yẹn."

Kò sí iná kankan lójú ọ̀nà. Bí iná mọ́tò wa bá bọ́ sára àwọn tó ń rìn lẹ́bàá títì, ojú wọn nìkan la máa ń rí, wọ́n á sì pòórá. Màmá ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ bó ti ń wa mọ́tò lọ.

Kí a tó wọ ọgbà wọn la ti gbọ́ ariwo. "Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́ o!" Tiwalọlá wà lórí ẹní, ara rẹ̀ tutù. Bàbá rẹ̀, Bàbá Àkàngbé, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ará ilé yí i ká, gbogbo wọn ń pe oríkì rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí èèyàn bá dákú, à á pè é padà ni, oríkì la sì fi ń pè é, torí oríkì lorí ń gbọ́. Láyí ṣubú lulẹ̀, ó bá wọn pè é.

"Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́, ìfẹ́ mi, má lọ!"

Tiwalọlá rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ó ní, "Mò ń bọ̀, Màámi."

Gbogbo irun ara mi dìde. Kì í ṣe àwa ló ń dá lóhùn.

"Ẹ dákẹ́!" Màmá lọgun. "Ẹ pa ẹnu yín mọ́! Ẹ ò rí i pé ẹ̀ ń bá ìyá ẹ̀ pè é ni? Orúkọ kan náà ni!"

Ilé pa rọ́rọ́. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mo gbọ́ tí omi ń hó níbì kan nínú ilé náà, bẹ́ẹ̀ sítóòfù wọn ò tàn.

Màmá jókòó sílẹ̀, ó gbé orí Tiwalọlá lé itan. Mo mọ̀ pé Débọ̀ ló ń rò. Ó wo Láyí, ó wo Bàbá Àkàngbé, ó wo gbogbo èrò tó dúró síbẹ̀. Ẹyin lohùn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó wí.

Ó tún pè é.

"Ìyàwó mi! Ìyá ọkọ ẹ ló ń pè ẹ́. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Ṣé èmi ni màá máa pè ẹ́ tí o ò ní dá mi lóhùn?"

Ìyá tó bí i ò lè pè é bẹ́ẹ̀. Ìpéǹpéjú Tiwalọlá mì. Ó fa èémí bí ẹni tó yọrí jáde nínú odò, ó sì dáhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Mà?"

Láyí bú sẹ́kún. Màmá ò ráyè ẹkún ní tiẹ̀. "Ẹ gbé e sí mọ́tò! Ìyàwó mi ń kú lọ, ẹ dúró, ẹ̀ ń wòran!"

Ìdí-Àràbà la gbé e lọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì yè é.

Lẹ́yìn tí òjò dá ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Màmá ń fi ìbòrùn bò ó léjìká kiri ọgbà, ó ní òtútù ò gbọ́dọ̀ kan ìyàwó òun. Tiwalọlá bi í léèrè nígbà tí wọ́n jókòó, "Màmá, ẹ̀rù ò bà yín mọ́?"

"Ó ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni. Jẹun ẹ."

Iná dé padà, tẹlifóònù àdúgbò náà ń dún. Tiwa nìkan ni wọn ò tíì wá so, wáyà ṣì wà nínú gọ́tà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹsẹ̀ tún ń dun Tiwalọlá, ó wà ní yàrá lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Tẹlifóònù dún.

Màmá ò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé e. N ò gbọ́ ohun tí ẹni yẹn sọ, Màmá nìkan ni mò ń wò tó ń mi orí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, àna mi," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó wà níbí. Omi ti gbóná níbí náà, ọkọ ẹ̀ ló ń fi jó o lẹ́sẹ̀. Ẹ lọ sinmi. Ẹ ti gbìyànjú."

Ó gbé e kalẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó ní kí n lọ bu omi kún èyí tó wà lórí iná.