Igun Tí A Kò Da Kankéré Sí

"Ẹ má jẹ́ kó gbẹ o! Ẹ gbé e wá kíá!"

Ohùn Ọ̀gá Bíríkìlà ni ó ń dún bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé ilé ń jó. Kankéré tí àwọn lébìrà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣọ́bìrì pò tán wà nílẹ̀, ó tutù, ó sì ń dán. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró nídìí iṣẹ́ ilé rí mọ̀ pé kankéré kì í dúró de èèyàn. Bí a bá ti pò ó tán, ó di dandan kí a dà á. Bí a bá fi falẹ̀, yóò di òkúta síbi tí ó wà.

Abẹ́rẹ́ ni baba rẹ̀ fi ṣe olórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni lóòótọ́, ó tínrín, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì mú, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀, tí ó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, ti gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Kí baba tó lọ, ó pe ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀, kí wọ́n da ìpìlẹ̀ yẹn lónìí. Ìwọ náà mọ ohun tí onílé sọ."

Abẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Onílé wọn ti ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù náà tó parí, nítorí ọmọ òun ń gbé ìyàwó bọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni bàbá, ìyá, Abẹ́rẹ́ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì ń gbé. Bí ìpìlẹ̀ ilé tiwọn bá ti dúró, wọ́n á yára mọ yàrá díẹ̀, wọ́n á fi páànù bò ó, wọ́n á sì kó wọlé kí òjò tó dé. Nínú àwòrán ilé náà, yàrá kékeré tó wà ní igun, ti Abẹ́rẹ́ ni. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ń bọ̀, orí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó sì ti ń kàwé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ wẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ti dé orí ilẹ̀ yẹn, á lọ dúró sí igun náà, á na apá rẹ̀ méjèèjì, á ní, "Ibí ni tábìlì mi máa wà."

Ní igun yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yọ. Ọ̀gá Bíríkìlà fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ kòtò ìpìlẹ̀, ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ju ti ibi yòókù lọ, ó ní kí wọ́n tún gbẹ́ ẹ sí i. Lébìrà kan tí wọ́n ń pè ní Fọ́tò, nítorí pé fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ sínú kòtò. Kò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà tí ó fi pariwo, tí ó sì fò jáde bí ẹni tí ó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

"Orí! Orí èèyàn ni!"

Abẹ́rẹ́ rọra sọ̀ kalẹ̀. Orí èèyàn ni lóòótọ́, ó ti pọ́n bí erùpẹ̀ tó yí i ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, egungun apá gígùn kan nà kọjá lórí àwọn egungun wẹ́wẹ́ mìíràn. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé. Àgbàlagbà kan ni ó fi apá gbá ọmọ kékeré mọ́ra níbẹ̀.

Ọkàn Fọ́tò ti balẹ̀ padà, ó ti yọ fóònù. "Ẹ sún, ẹ jẹ́ n yà á. Tí mo bá gbé èyí síta báyìí, gbogbo ayé ló máa mọ̀ mí kí ilẹ̀ tó ṣú!"

"Bùọ̀dá Fọ́tò," Abẹ́rẹ́ wí, "tó bá jẹ́ ìyá yín ló sùn síbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ máa yà á?"

Fọ́tò wo fóònù, ó wo kòtò, ó sì ki fóònù bọ àpò. Àwọn yòókù ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Bíríkìlà fa Abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọmọ dáadáa, gbọ́ mi. Mo ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí ẹ. Ibo ni òkú ò sí nínú ilẹ̀? Jẹ́ n da kankéré lé e, a ò ní sọ, ìwọ náà ò ní sọ. Tó o bá pe ọlọ́pàá, wọ́n á ti ibí pa, òjò á sì bá yín níta. Ṣé ohun tó o fẹ́ fún bàbá ẹ nìyẹn?"

Ẹ má bú ọkùnrin náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ọ̀rọ̀ òjò tó sọ yẹn kò sì ní irọ́ nínú. Abẹ́rẹ́ pe baba rẹ̀, fóònù kò lọ. Ó pe ìyá rẹ̀, kò gbé e, nítorí wọn kì í jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì mú fóònù dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ó wá ku òun nìkan. Ó wo igun náà, ó rí tábìlì rẹ̀ níbẹ̀, ó rí ìwé lórí rẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn tó lè tì mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó ní kí wọ́n dà á. N kò ní purọ́ fún yín, ẹnu rẹ̀ ti là. Ìgbà náà ni ó tún wo apá yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ náà lé e lápá, kò tíì gbé e sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á."

"Kankéré ńkọ́? Ṣé kí n máa mu ún ni?"

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wọn ni ìyá arúgbó kan ń gbé, Ìyá Àgbà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹrẹ̀ kì í gbẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì ti gbé e ṣubú rí. Abẹ́rẹ́ nàka síbẹ̀. "Ẹ lọ dà á sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà."

"Kankéré bàbá ẹ?"

"Kankéré bàbá mi."

Ọkùnrin náà mi orí títí, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé bárò. Ọmọ yìí ní láárí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ìbá ti jókòó kawọ́ mórí. Ó ní kí gbogbo wọn jáde nínú kòtò, kí ẹnikẹ́ni má mú ohunkóhun, ó fi tapólì bo igun náà, ó sì pe ọlọ́pàá.

Kí ọlọ́pàá tó dé, Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ta ni mo bẹ̀ níṣẹ́? Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń dà síbí?"

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n rí. Ìyá náà rọra jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"O ní ọmọ wà níbẹ̀? Ọmọ kékeré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Àìsàn kan wọ ìlú nígbà tí mo wà ní kékeré," ìyá náà wí. "Ọjọ́ kan náà ló mú ìyá mi àti àbúrò mi tó ń mu ọmú lọ. Àwọn tó sin wọ́n sá, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n gbé èmi lọ sọ́dọ̀ ẹbí. Nígbà tí mo padà dé, tí mo bi wọ́n pé ibo ni, wọ́n ní ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀yìn ilé ta? Kò sẹ́ni tó lè fi hàn mí. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe kúrò ládùúgbò yìí." Ó nu ojú. "Ìyá mi máa ń tiro. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dá rí, kò sì jinná dáadáa. Ìró ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ wálé."

Ọlọ́pàá dé, wọ́n fi okùn yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n ní iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Ọ̀gá Bíríkìlà kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí baba Abẹ́rẹ́ dé, kò tilẹ̀ jókòó. "Ta ló fi ọ́ jẹ baálé ilé mi? Mo ní kí wọ́n da ìpìlẹ̀, o lọ ń fi kankéré mi ṣàánú!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀," ìyá rẹ̀ wí.

Abẹ́rẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ bínú sí mi, Dádì, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa kàwé lórí ìyá ọlọ́mọ."

Baba jáde, ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Oṣù parí, onílé kò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n kó lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí tí arákùnrin ìyá rẹ̀ ń kó àpò sìmẹ́ńtì sí. Ìyà ni, kí a má tan ara wa. Eku ń sáré lórí wọn, òjò sì dé ní tòótọ́. Ní ilé ìwé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀rẹ́ Òkú. Ọ̀kan bi í bóyá òkú ló máa bá a ṣe ìdánwò. Abẹ́rẹ́ ní, "Ó kúkú sàn ju ìwọ lọ, kò ní jí ìwé mi wò." Ṣùgbọ́n bó bá dé àárín àwọn àpò yẹn, tí kò sẹ́ni tó rí i, ó máa ń sunkún.

Dókítà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ egungun wò dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Obìnrin ni. Ó kúnlẹ̀ sínú kòtò, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá erùpẹ̀ kúrò, ó ń fi ṣíbí bù ú, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá Àgbà gbé àga sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò ó. Baba Abẹ́rẹ́ náà ń wá. Ó ní ilẹ̀ òun lòun wá yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í tètè lọ.

Nígbà tí dókítà parí, ó pè wọ́n jọ. "Ta ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́bìrì tú ibí? Ó ṣeun púpọ̀. Ká ní wọ́n ti kó wọn sínú àpò ni, mi ò ní lè sọ nǹkan kan fún yín." Ó ní obìnrin ni, pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì lè rìn. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún obìnrin náà dá rí, ó sì wọ́ nígbà tí ó jinná.

Baba Abẹ́rẹ́ yíjú wo ọmọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti sọ ìtàn ẹsẹ̀ yẹn fún un lálẹ́ ọjọ́ tí ó dé láti ìrìn àjò, ṣùgbọ́n baba kò fẹ́ gbọ́.

"Mi ò lè búra pé ìyá yín ni o, Mà," dókítà wí. "Ó ti pẹ́ jù."

"Ìwọ ò lè búra," Ìyá Àgbà dáhùn. "Èmi lè búra."

Ọlọ́pàá ní àwọn á kó wọn lọ sí ibi ìsìnkú tó wà lẹ́yìn ìlú. Ìyá Àgbà wo ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Bí ẹ bá ṣe wí." Gbogbo wa mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ibẹ̀. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba: baba Abẹ́rẹ́ ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá náà.

"Mà, tí àwọn aláṣẹ bá gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà. Igun yẹn ti di tiyín." Ó wá kọjú sí Abẹ́rẹ́. "Yàrá tìẹ ló máa lọ o."

"Mo mọ̀, Dádì. Ẹ gé e."

Àwọn aláṣẹ gbà, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Baba fúnra rẹ̀ ni ó fa àwọn èèkàn tí wọ́n fi ṣàmì ilé náà tu, tí ó tún wọn kàn sí ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, inú pósí kan náà ni dókítà tẹ́ àwọn méjèèjì sí, bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́, apá ìyá lórí ọmọ. Ọ̀gá Bíríkìlà wá, ó wọ aṣọ mímọ́. Fọ́tò wà lára àwọn tó gbé pósí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan fóònù. Ìyá Àgbà sún mọ́ etí ibojì, Abẹ́rẹ́ dì í mú ní apá. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń jẹ́ ìyá gbogbo àdúgbò, kò sí ẹni tó rò pé òun náà ti jẹ́ ọmọ ẹnì kan rí. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi ohùn ọmọdé pè.

"Màámi, èmi nìyí. Ẹ wò mí, mo ti dàgbà."

Fọ́tò bú sẹ́kún, kò tilẹ̀ bo ojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín rèé. Bí ẹ bá bá egungun èèyàn pàdé nínú ilẹ̀, ẹ má tú u, ẹ má yà á fún ariwo, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín láti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi í síbi tó wà, kí ẹ sọ fún àwọn aláṣẹ, bí ó tilẹ̀ máa dùn yín. Òkú kò lè bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, àfi kí ẹni tó rí i bá a bẹ̀bẹ̀. Ilé tí Abẹ́rẹ́ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbé báyìí kéré sí èyí tí wọ́n yà sínú ìwé, orí tábìlì ìjẹun ni ó sì ti kàwé ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin arúgbó kan ti mọ ibi tí ìyá rẹ̀ sùn sí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ó sì ti ń kí i ní òwúrọ̀.