Ìgò Tí Omi Rẹ̀ Mọ́ Jù

Wọ́n bá òkú òmùwẹ̀ náà nínú yàrá ìgò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Ìgò tó gbé wá láti ìsàlẹ̀ òkun wà lórí tábìlì. Iyanrìn lásán ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Lọ́jọ́ kejì, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó jọ ni òkun náà yóò ṣí ìgò, wọn yóò sì fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ kan ṣoṣo tí wọn yóò pe ìsàlẹ̀ òkun ibi tí ìgò náà ti wá. Bí ó bá jẹ́ koríko òkun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn, kò sẹ́ni tí yóò dá a sí. Òmùwẹ̀ sì ti ń sọ fún gbogbo ilé iṣẹ́ pé koríko ni òun hú.

Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà: ọ̀gá àgbà, atukọ̀, àti ẹ̀gbọ́n olóògbé, obìnrin tó ń fi asẹ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára iyanrìn lẹ́yìn tí àwọn aṣojú bá ti ṣí ìgò tán.

Ọlọ́pàá ti mú atukọ̀, nítorí òun àti òkú ti jà lójú omi lórí ìdákọ̀ró tó ń fa koríko tu.

"Ọ̀gá," ni atukọ̀ wí fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà, "bí gbogbo ẹni tí mo bá jà bá ń kú, ìyàwó mi ì bá ti lọ tipẹ́."

Ẹ̀rín kò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà búra pé ọwọ́ òun kò kan yẹ̀pẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí òun ti di ọ̀gá.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bẹ̀rù àṣìṣe ju ikú lọ. Ó mú ìgò mìíràn tí òmùwẹ̀ gbé wá, ó gbọ̀n ọ́n. Omi rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó gbọn ti orí tábìlì. Omi mọ́ gaara. Ó tún un gbọ̀n. Ó ṣì mọ́.

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n òkú, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Màmá, ta ló mọ iyanrìn fọ̀ báyìí níhìn-ín?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹni tó pààrọ̀ èyí fọ̀ ọ́ kó tó rọ ọ́ sígò. Ẹni tó ń sá fún ojú èèyàn kì í dúró fọ nǹkan, àfi bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ ọ̀nà mìíràn."

 Obìnrin náà jẹ́wọ́. Etíkun ló ti bu iyanrìn náà. Àbúrò rẹ̀ wọlé bá a, ó di ìgò mú, ni ẹ̀gbọ́n bá tì í, ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì gbá ọpọ́n sìmẹ́ńtì.

"Ibẹ̀ ni gbogbo ilé wa ti ń pẹja. Ẹja ibẹ̀ ni mo fi tọ́ òun náà dàgbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pè é ní iyanrìn, ó ní òun ò lè purọ́. N kò fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kó dákẹ́ ni."

"Koríko náà ńkọ́?"

Ó ṣí aṣọ lórí garawa kan lábẹ́ tábìlì, nítòsí ẹsẹ̀ òkú. Koríko náà ń mì lẹ́lẹ́ nínú omi òkun tútù, ó tutù yọ̀yọ̀.

"Mi ò lè dà á nù," ni ó wí. "Ó ṣì wà láàyè."