Gbogbo Wáyà Rẹ̀ Pupa

Ariwo ọkọ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó rí i. Ó yọ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ ewé tí imú rẹ̀ gùn, tí ara rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Bí awakọ̀ ṣe tẹ bíréèkì, fèrè ké. Ó tún un tẹ̀, fèrè tún ké, wáípà méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Obìnrin kan dìde láàárín àwọn bátìrì. Wáyà rọ̀ sí i lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì fi eyín di sìkúrúdíráífà mú. Ó mú un kúrò lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Káfíńtà ni ọkùnrin tó wa ọkọ̀ náà wá, ó sì ti múra ìjà. Nígbà tó rí ẹ̀rín yẹn, ìbínú rẹ̀ kò rí ibi jókòó sí.

"Ẹ kú ariwo o," ni obìnrin náà wí. "Ṣé ẹ̀ ń kí wa ni, àbí ẹ̀ ń lé wa lọ?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Rìwáyà ni mò ń wá, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe."

"Òun lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ pa á kó tó di wá létí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wáyà lọ́ mọ́ wáyà bí ìfun ewúrẹ́. Pílásítà tí wọ́n fi ń di ojú egbò ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Èyí tó burú jù ni pé pupa ni gbogbo wọn.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Bàbá mi. Wọ́n ti kú." Ohùn ọkùnrin náà le díẹ̀. "Odidi róòlù wáyà pupa kan ni wọ́n rà. Wọ́n ní àwọn ò ní ra àwọ̀ mìíràn àfi tó bá tán."

"Ṣé ó tán?"

"Kò tán títí wọ́n fi lọ."

Rìwáyà kò yin òkú, kò sì bú u. "Wọ́n láyà," ló wí. "Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́la, ẹ mú òwú oríṣiríṣi àwọ̀ dání."

Kì í ṣe iná nìkan ni Káfíńtà ń wá. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, kò tíì jókòó sínú ọkọ̀ náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní ọkọ̀ tó ń ké láìnídìí kò yẹ àgbàlagbà. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe fèrè. Ó fẹ́ gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilé tó di ẹ̀wọ̀n fún un.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti tú irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ìdí bátìrì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ tọ ọ̀kan dópin kí a tó fọwọ́ kan èkejì. Rìwáyà wà ní ìkángun kan, Káfíńtà di gílóòbù ìdánwò mú ní ìkángun kejì. Bí gílóòbù bá tàn, wọ́n á so òwú mọ́ wáyà náà: búlúù fún iná iwájú, dúdú fún fèrè, funfun fún bíréèkì. Inú àpótí òwú ìyá rẹ̀ ni Káfíńtà ti ń kó òwú náà wá.

"Ó tàn?"

"Kò tàn."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ojú mi lẹ̀ ń wò ni, àbí gílóòbù?"

"Èyí tó ń tàn ni mò ń wò."

"Káfíńtà, ẹ gbájú mọ́ṣẹ́."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Rìwáyà, ó sì fi orí pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ju bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Rìwáyà rí i pé àpótí irinṣẹ́ òun, tí ìdí rẹ̀ ti já, ti ní ìdí tuntun tí wọ́n fi pákó ṣe.

"Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Igi tó ṣẹ́kù ni. Ṣé kí n dáná sun ún ni?"

Ó wò ó títí. Ọkùnrin tí kì í fi igi ṣòfò, tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, kò wọ́pọ̀. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ.

Nígbà tí bíréèkì àti fèrè pínyà níkẹyìn, Káfíńtà ní, "Olùfẹ́ mi, mo ti sọ fún ìyá mi pé ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe ni mo fẹ́ fi ṣaya."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ná."

"Wọ́n gbọ́n."

Ìyá náà wá. Ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ọwọ́ rẹ̀ wá a, wá a, kò bá nǹkan kan.

"Iná mi dà?"

"Iná wo, Màmá?"

"Iná tí bàbá rẹ fi síbí, kí n lè máa ṣẹ́ etí aṣọ tí a bá ń gbé e lọ fún oníbàárà."

Rìwáyà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wáyà kan wà tí gílóòbù rẹ̀ ti jó, tí kò ní fíúsì, tí kò sì sí nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti kà á sí ẹrù lásán. Ó gé e, kò bi ẹnikẹ́ni.

"Èmi ni mo gé e, mà."

"Kí ni iná náà fi ṣe ọ́?"

"Kò ṣiṣẹ́ mọ́."

Ìyá sọ̀ kalẹ̀. "Èmi náà ò ṣiṣẹ́ tó ti àtijọ́ mọ́. Ẹni tó bá ń gé ohun tí kò yé e, kó má wọ ilé mi."

Nígbà tó ti lọ, Káfíńtà ní, "O ò ṣe bi mí?"

"Ṣé o mọ̀ nípa iná yẹn?"

"Rárá."

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kí n bi nígbà náà. Máa lọ bá ìyá rẹ. Fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ẹlòmíràn ì bá jókòó sunkún. Ẹkún kì í so wáyà. Rìwáyà da àpò tó ń kó àjákù wáyà sí sílẹ̀, nítorí kì í sọ bàbà nù, ó sì rí súìṣì náà. Ó rí ìbòrí iná rẹ̀ pẹ̀lú. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi gé e, wọ́n sì ti fi òòlù ká etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká kó má bàa gé ènìyàn. Ó fi ìka tọ etí agolo náà. Ọkùnrin tí kò ní sùúrù fún wáyà ní sùúrù fún ìka ìyàwó rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wa ọkọ̀ lọ sílé aránṣọ. Fèrè kò ké. Ó dúró síta, ó kan ilẹ̀kùn.

"Mi ò wọlé, mà. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá béèrè ohun tí mi ò béèrè nígbà yẹn. Mi ò mọ ibi tí iná yín kọjú sí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n."

Ìyá wo agolo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó jáde, ó jókòó síwájú.

"Ṣé ibí ni, mà?"

"Rárá. Wá sísàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ awakọ̀ lójú."

"Ibí ńkọ́?"

"Sún un sọ́dọ̀ mi díẹ̀. Háà, ọwọ́ rẹ le o."

"Iṣẹ́ ni, mà."

"Tèmi náà le. Kò burú."

Rìwáyà fi gílóòbù tuntun, wáyà tuntun àti fíúsì sí i, ó tẹ súìṣì. Oòrùn mú débi pé wọn kò rí i bóyá ó tàn. Ìyá wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo iná náà bí ẹni tó mú òròmọdìẹ, ìmọ́lẹ̀ kékeré sì tàn sára àwọn ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún láìmọye ìgbà.

"Ọkọ mi mọ̀ pé bíréèkì ń fọn fèrè," ló wí. "Ó ní kó máa fọn ọ́n. Ó ní tí òun bá fẹ́ dúró, kí gbogbo ayé mọ̀."

Ẹ̀rín àwọn méjèèjì ló gbé Káfíńtà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ilé, lẹ́búlẹ́bú igi ní orí. Ìyá rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú, ó ń lọ jókòó sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ ò ní jókòó síbi iná yín?"

"Ojú mi ò gba abẹ́rẹ́ mọ́ nínú ọkọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni kó jókòó tì í. Wá wa ọkọ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti jáde."

Káfíńtà wọlé sídìí ọkọ̀, ó ṣáná sí i, ó yíjú sí Rìwáyà tó ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ayọ̀ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Kọ́kọ́ tẹ bíréèkì."

Ó tẹ̀ ẹ́. Fèrè dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ó gbọ́ràn," ni Rìwáyà wí. "Màá fẹ́ ọ. Wáyà pupa yẹn ṣì kù nílé yín, àbí?"

"Ó kù dáadáa."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù."

"Ẹ wa ọkọ̀ jọ̀ọ́," ni ìyá wí láti ẹ̀yìn. "Epo ń jó dànù."

Wọ́n gbéra. Iná kékeré náà ṣì ń tàn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní ojúmọmọ, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Rìwáyà, tí kì í fàyè gba òfò, rí i. Kò pa á títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ.